Ohun Tí Ẹ̀jẹ̀ Àwọn Ọmọ Ẹlẹ́dẹ̀ Ìyá Mi Sọ

Èmi gan-an ni mo gbé ìròyìn náà wá láti Parakou pé kí wọ́n pa àwọn ọmọ ẹlẹ́dẹ̀ ìyá mi. Ọ̀gá mi ní lábò, níbi tí a ti ń yẹ ẹ̀jẹ̀ ẹran wò, ní òun á fi ìwé ránṣẹ́ sí méérì, kí n jókòó jẹ́ẹ́ sídìí iṣẹ́ mi. Mo ní rárá. Bí ọ̀rọ̀ burúkú bá máa wọ ilé wa, ẹnu mi ni yóò gbà wọlé.

Mo bá ìyá mi nídìí ọgbà ẹlẹ́dẹ̀, ó ń da èèpo iṣu fún wọn. Àwọn ẹran náà ń ti ara wọn, wọ́n ń pariwo, ara wọn ń dán. Mo kúnlẹ̀ kí i, mo sì sọ ọ́ fún un bó ṣe rí: ẹ̀jẹ̀ wọn fi hàn pé àìsàn ńlá tó ń gbá ẹlẹ́dẹ̀ lọ ti bá wọn jà, òfin tí gbogbo abúlé sì fọwọ́ sí ni pé irú ẹran bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ wà láàyè.

Ó da èyí tó kù nínú agbọ̀n, ó gbọn agbọ̀n náà dáadáa.

"Wọn ò ṣàìsàn rí," ló wí. "Bon, ṣé o ti jẹun?"

Bí ìyá mi ṣe ń ṣe nìyẹn. Bí ilé bá ń jó, yóò kọ́kọ́ béèrè bóyá o ti jẹun. Inú bí mi débi pé mi ò lè gbé òkèlè mì lọ́jọ́ náà.

Ìhà Sanson ni abúlé wa wà, níbi tí iṣu ti ń ta dáadáa tí kajú sì ń gba oko lọ́wọ́ iṣu díẹ̀díẹ̀. Mùsùlùmí ni ọ̀pọ̀ aládùúgbò wa. Wọn ò bá àwa onígbàgbọ́ jà nítorí ẹlẹ́dẹ̀. Àdéhùn kan ṣoṣo ló wà láàárín wa, pé kí ẹlẹ́dẹ̀ má jáde nínú ọgbà. Ìyá mi pa àdéhùn náà mọ́ ju bó ṣe pa ààwẹ̀ mọ́ lọ. Mo ti rí i tó fi aṣọ ìró di ihò ọgbà ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ìsinmi, tó sì fi ìró àtijọ́ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì.

Nígbà tí mo wà ní ilé ìwé, àìsàn kan wọ agbègbè wa, ó sì gbá ẹlẹ́dẹ̀ lọ pátápátá. Láàárọ̀, ẹran á jẹun. Nírọ̀lẹ́, etí rẹ̀ á pọ́n, á dùbúlẹ̀, ó tán. Tiwa kú láìku ẹyọ kan. Ìyá mi jókòó sẹ́nu ọgbà òfìfo náà, ó sunkún níṣojú mi. Ìgbà yẹn ni mo pinnu pé iṣẹ́ ẹran ni màá kọ́, ẹni tó bá sì fẹ́ kí n di nọ́ọ̀sì kó lọ bí nọ́ọ̀sì tirẹ̀. Mo kọ́ ọ. Mo di ẹni tó ń gba ẹ̀jẹ̀ ẹran, tó sì ń wò ó ní lábò. Ní abúlé, wọ́n ń pè mí ní dókítà. Mo ní èmi kì í ṣe dókítà, wọ́n ní kí n má ṣe ìrẹ̀lẹ̀ fún wọn.

Àwọn ọdún tí rédíò ń pè ní renouveau, ìyẹn ìsọdọ̀tun, la wà nígbà náà, tí ìjọba ti di ti gbogbo ènìyàn. Gbogbo ọ̀rọ̀ ló di ọ̀rọ̀ ìpàdé. Ibi tí wọ́n máa gbẹ́ kànga sí, ìpàdé. Ewúrẹ́ tó jẹ àgbàdo olóko, ìpàdé. Ẹni tí kò bá nawọ́ sókè, wọ́n á bi í bóyá ayé àtijọ́ ló ń wù ú. Nítorí náà, nígbà tí ètò kan gbé abẹ́rẹ́ àjẹsára tuntun dé fún ẹlẹ́dẹ̀, abẹ́ igi máńgòrò ilé ìwé la ti jókòó sọ ọ́. Gbogbo olówó ẹlẹ́dẹ̀ nawọ́: a ó gún abẹ́rẹ́, a ó máa gba ẹ̀jẹ̀ wò, ẹran tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bá sì fi hàn pé àìsàn fúnra rẹ̀ ti dé ara rẹ̀, a ó pa á, a ó sin ín, kí ti àtijọ́ má bàa tún ṣẹlẹ̀. Ìyá mi nawọ́. Ọwọ́ rẹ̀ ló kọ́kọ́ lọ sókè.

Wọ́n bi mí nípàdé náà báwo ni mo ṣe máa dá ẹran tó gba abẹ́rẹ́ mọ̀ yàtọ̀ sí ẹran tó ti kó àìsàn, nígbà tó jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ àwọn méjèèjì ló ti múra ogun. Ìbéèrè gidi ni. Mo ní kí wọ́n ro olè kan tó máa ń dé fìlà pupa. Abẹ́rẹ́ yìí, kì í ṣe odindi kòkòrò àìsàn náà ni wọ́n fi ṣe é, ẹ̀yà rẹ̀ kan péré ni, bí ẹni fi fìlà olè nìkan han ará ilé. Ẹlẹ́dẹ̀ tó gba abẹ́rẹ́, fìlà nìkan ló mọ̀. Ẹlẹ́dẹ̀ tí àìsàn ti bá jà mọ fìlà, ó mọ ojú, ó mọ ọwọ́, ó mọ òórùn abíyá olè náà. Àwọn àgbà rẹ́rìn-ín, ó sì yé wọn.

Ní lábò, àwo pẹlẹbẹ oníhò wẹ́wẹ́ méjì là ń lò. A ó ro omi ẹ̀jẹ̀ ẹran kan náà sínú àwọn méjèèjì. Àwo kìíní ń béèrè pé ṣé o mọ fìlà, àwo kejì ń béèrè pé ṣé o mọ ojú. Bí ẹ̀jẹ̀ bá mọ̀ ọ́n, ihò náà á di àwọ̀ ìyeyè. Bí kò bá mọ̀ ọ́n, omi lásán lo máa rí. Ẹran tó gba abẹ́rẹ́ tí kò ṣàìsàn, àwo kìíní ni yóò pọ́n, èkejì á mọ́ gaara.

Ti àwọn ọmọ ẹlẹ́dẹ̀ ìyá mi pọ́n nínú àwo kejì. Mo tún un ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀, mo pààrọ̀ omi, mo pààrọ̀ àwo. Ó tún pọ́n. Mo jókòó níwájú rẹ̀, mo sì ń bá àwo jà bí ẹni pé ó lè gbọ́ èdè.

Ohun tí kò jẹ́ kí n gbà ni ìyá àwọn ọmọ ẹlẹ́dẹ̀ náà. Ọwọ́ mi ni mo fi gba ẹ̀jẹ̀ abo náà kó tó gba abẹ́rẹ́, àwo méjèèjì ló mọ́. Ọjọ́ tó bí wọn ló kú, ẹ̀jẹ̀ dà lára rẹ̀ títí ó fi tán. Parakou ni mo wà nígbà yẹn. Nígbà tí mo dé, tí mo béèrè ohun tí àwọn ọmọ náà mu tí wọn ò fi kú tẹ̀lé ìyá wọn, ìyá mi ní Ọlọ́run fún wọn ní nǹkan mu. Mo rò pé wàrà inú agolo ni Ọlọ́run fún wọn.

Bá a bá ń sunkún, à máa ń ríran. Mo fi inú bíbí náà ronú. Ẹ̀jẹ̀ ẹran lè mọ olè tí kò bá jà rí, ọ̀nà kan ṣoṣo ló sì wà: kó mu ìmọ̀ náà nínú ọmú. Omi ọmú àkọ́kọ́, èyí tó ki tó sì pọ́n, gbogbo ohun ìjà tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ ìyá ló ń kó wọ inú ọmọ. Bó bá pẹ́, á tán lára ọmọ, àwo á sì mọ́ padà. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí wọ́n bí ọmọ gan-an ló gbọ́dọ̀ mu ún. Ta wá ni abo rẹ̀ bímọ lọ́jọ́ kan náà?

Ọjọ́ Ìsinmi ni mo rí ìdáhùn, lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì. Tata kan, àǹtí tó ń ṣáájú àwọn obìnrin akọrin, fi ọwọ́ bo ẹnu, ó ní, "Dókítà, ẹ bá wa kìlọ̀ fún màmá yín o. Lọ́jọ́sí, a rí ìyá ìjọ tó gbé ìgò sódábì lọ́sàn-án gangan, ó tún ń sáré bí ọmọge!"

Àwọn obìnrin rẹ́rìn-ín títí. Èmi ò rín. Ìyá mi kò jẹ́ kí ọtí wọ ilé wa rí, kódà láti fi ṣe àlejò. Àmọ́ mo mọ nǹkan mìíràn tí à ń fi sódábì ṣe. Lọ́dọ̀ wa, bá a bá fẹ́ kí abo ẹlẹ́dẹ̀ gba ọmọ tí kì í ṣe tirẹ̀, a ó fi sódábì pa á nímú, a ó fi pa àwọn ọmọ náà lára láti orí dé ìrù, kó má lè fi òórùn mọ àjèjì. Ìyá mi ti rí ìyá mìíràn fún wọn.

Mo délé, mi ò tíì bọ́ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì tí mo ti bẹ̀rẹ̀.

"Ìyá, abo ẹlẹ́dẹ̀ ta ló fún wọn lọ́mú?"

Ó ń ṣa ẹ̀wà. Kò gbójú sókè.

Mo ní, "Ẹ̀yin náà ẹ mọ̀ pé wọ́n máa pa wọ́n."

"Mo mọ̀. Mo nawọ́ sí i."

"Ẹ sọ orúkọ ẹni náà fún mi, kí n lè gbà wọ́n sílẹ̀!"

Ó wá gbé ojú sókè. "Ìwọ ọmọ yìí, ṣé ìlú òyìnbó la ti bí ẹ ni? A kì í dárúkọ ọmú tí wọ́n fún ọmọ ẹran ẹni."

Lóòótọ́ ni. Àṣà tiwa nìyẹn, mo sì ti gbàgbé rẹ̀ sẹ́nu iṣẹ́. Ẹni tó fún ọmọ ẹran ẹlòmíràn lọ́mú kò gbọdọ̀ sọ ọ́, ẹni tí wọ́n fún kò gbọdọ̀ kéde rẹ̀, kò sì gbọdọ̀ gbé nǹkan kan wá dípò rẹ̀. Wọ́n ní bí wọ́n bá dárúkọ rẹ̀, ọmú ẹran náà á gbẹ, kò ní bímọ yè mọ́. Èmi rò pé ohun tí àwọn àgbà ń sá fún ni kí ènìyàn máa fi oore bú ara wọn.

"Aṣoore tó lóṣòó tì í, bí ẹni tí kò ṣe é ni," ni ìyá mi wí. "Ẹni tó ṣe é kò lóṣòó tì í. Ṣé èmi tí wọ́n ṣe é fún ló máa wá jókòó tì í? Tí mo bá sọ̀rọ̀, ẹ máa lọ gba ẹ̀jẹ̀ abo rẹ̀. Ẹ máa pa á. Ó gbà mí lọ́jọ́ burúkú, kí n wá gbé ọ̀bẹ fún yín?"

Mo ti mọ ẹni náà. Ọ̀kan ṣoṣo ni kò bá wa gbé ẹran wá síbi tá a ti gba ẹ̀jẹ̀, nítorí oko ni abo rẹ̀ wà lọ́jọ́ náà: opó kan tó wá láti ìhà Natitingou, tó ń dá oko iṣu nítòsí tiwa. Abo ẹlẹ́dẹ̀ náà ló bá a wá. Ó máa ń fi yangàn pé nígbà tí àìsàn pa gbogbo ẹlẹ́dẹ̀ abúlé òun, ẹran òun yìí nìkan ló ṣẹ́kù, ìdí nìyẹn tóun fi yàn án láti gbé rìn. Ta ni kò ní yan èyí tí ikú kò lè pa? Èmi náà ì bá yàn án, bí mi ò bá kọ́ ohun tí mo kọ́. Abo náà bímọ lọ́jọ́ kan náà pẹ̀lú tiwa, gbogbo ọmọ rẹ̀ kú bó ṣe bí wọn tán, ọmú sì kún un. Gbogbo ohun tó ní nílé ayé ni abo náà.

Mo pinnu pé àwọn ọmọ ẹlẹ́dẹ̀ náà ò ní kú, mi ò sì ní dárúkọ ẹnikẹ́ni. Mo mọ̀ pé ìkòkò méjì ò ṣeé gbé lórí kan, mo ṣáà gbé wọn.

Wọ́n pe ìpàdé. Mo dìde, mo ní ìyá àwọn ọmọ ẹlẹ́dẹ̀ yìí ti kú, ọmú mìíràn ni wọ́n mu, ọmú náà ló gbé àmì wọ ẹ̀jẹ̀ wọn, kì í ṣe àìsàn. Mo ní kí wọ́n ti ọgbà náà pa, kí ẹnikẹ́ni má wọ ibẹ̀, kí n tún gba ẹ̀jẹ̀ wọn bí wọ́n bá dàgbà díẹ̀ sí i. Bó bá jẹ́ ọmú ni, á ti gbẹ kúrò lára wọn. Bó bá ṣì wà, èmi fúnra mi ni màá di okùn mọ́ wọn lọ́rùn.

Àgbà kan tí gbogbo wa ń pè ní tonton dìde, ẹni tó jẹ́ olórí ẹgbẹ́ olówó ẹlẹ́dẹ̀. A ti pa tirẹ̀ lábẹ́ òfin kan náà, èmi náà ni mo wo ẹ̀jẹ̀ wọn.

"Dókítà, tèmi ńkọ́? Nígbà tó kan tèmi, ẹ ní ẹ̀jẹ̀ kì í purọ́. Ó wá kan ti màmá yín, ẹ̀jẹ̀ ti ní àlàyé?"

Ọ̀rọ̀ náà dùn mí wọra nítorí pé ó tọ̀nà. Mo ní, "Tonton, ẹran tiyín ti dàgbà, wọ́n ti bímọ. Kò sí àgbà ẹran tí ọmú ìyá rẹ̀ ṣì wà lára rẹ̀. Ká ní ọmọ ọmú ni wọ́n, ohun tí mo ń sọ yìí náà ni ǹ bá sọ."

"D'accord. Ọmú ta wá ni?"

Mo wojú ìyá mi. Ìyá mi ń wolẹ̀.

"Ẹ ò ní sọ. Àwọn àlejò ni, mo ti ń sọ ọ́! Wọ́n á kó ẹran aláìsàn wá láti òkè lọ́hùn-ún, àwa la máa sin òkú. Ẹlẹ́dẹ̀ tó bá pàfọ̀ tán, ẹni rere ló ń wá tí yóò fara yí."

Mi ò lè gba ìyẹn. Mo bi í pé nígbà tí àìsàn kọ́kọ́ pa ẹran wa, àlejò wo ló ti dé abúlé yìí? Mo ní àwo mi kì í béèrè èdè tí olówó ẹran ń sọ. Mo rò pé mo tún sọ nǹkan mìíràn tí kò yẹ kí ọmọdé sọ sí àgbà, torí baálẹ̀ ní kí n jókòó.

Ìgbà yẹn ni opó náà dìde lẹ́yìn, níbi tí àwọn tó wá láti òkè máa ń jókòó sí. Yorùbá rẹ̀ kò dán.

"Abo tèmi ló fún wọn," ló wí. "Nílé tiwa náà, wọn kì í sọ ọ́. Mais tí mo bá dákẹ́, wọ́n á pa àwọn ọmọ. Kí a fún ẹni lọ́mú, ká wá máa wò ó kó kú? Ẹ wá gba ẹ̀jẹ̀ ẹ̀."

Ìyá mi fi ìborùn bo ojú. Mi ò rí i kó sunkún láti ọjọ́ ọgbà òfìfo yẹn. Ọwọ́ lọ sókè lọ́kọ̀ọ̀kan pé kí a dúró, kí a wò ó. Ọwọ́ tonton náà lọ sókè lẹ́yìn gbogbo ènìyàn, ó ní àfi kóun tẹ̀ lé mi lọ sí Parakou, kóun fojú ara òun rí àwo náà.

Mo gba ẹ̀jẹ̀ abo opó náà lóko. Kò gba abẹ́rẹ́ kankan rí, síbẹ̀ àwo méjèèjì pọ́n yòò. Ó mọ fìlà, ó mọ ojú. Àwo mi kò lè sọ bóyá àìsàn náà ṣì wà lára rẹ̀ tàbí ó ti lọ tipẹ́. Pé wọ́n ti pàdé nìkan ló lè sọ. Mo kọ èyí fún àwọn ọ̀gá. Wọ́n ní òfin ni òfin.

Opó náà bẹ̀bẹ̀ kí a jẹ́ kí òun fún abo náà lóúnjẹ kẹ́yìn. Ó bó iṣu gidi fún un, kì í ṣe èèpo. Abo náà jẹ ẹ́ tán, ó sì ń fimú ti ọwọ́ rẹ̀ kó tún fún un sí i. A pa á, a sin ín jìn, a da ẹfun sí i. Opó náà kò wò mí, mo sì kórìíra iṣẹ́ mi lọ́jọ́ náà. Òtítọ́ ni mo sọ, inú mi ò sì dùn sí òtítọ́ náà títí di òní.

Ọgbà ìyá mi wà ní títì. Ó ń ju èèpo wọlé láti òkè ọgbà, kò sì jẹ́ kí èmi pàápàá fẹsẹ̀ kan ibẹ̀ ju ìgbà tí mo bá wá gba ẹ̀jẹ̀ lọ. Nígbà tí mo kọ́kọ́ tún ẹ̀jẹ̀ wọn wò, àwọ̀ ìyeyè náà ti ṣá. Mo tún dúró. Àwọn ẹran náà dàgbà, a tún gún wọn lábẹ́rẹ́, mo tún gba ẹ̀jẹ̀, tonton sì jókòó tì mí ní lábò pẹ̀lú fìlà rẹ̀ lórí eékún. Àwo kìíní pọ́n dáadáa. Ó tẹ̀ síwájú, ó wo àwo kejì, ó wò ó pẹ́.

"Omi lásán nìyí," ló wí.

"Omi lásán ni, tonton."

Ó fi fìlà dé orí. Òun ló sọ ọ́ ní ìpàdé, kò jẹ́ kí n la ẹnu mi.

Nígbà tí wọ́n ṣí ọgbà, ìyá mi wọlé, ó yan abo tó dára jù nínú wọn, ó so okùn mọ́ ọn lẹ́sẹ̀. Ó ní kí n bá òun dà á. A gba ẹ̀yìn oko kajú, a sì bá opó náà níwájú ilé rẹ̀, ó ń sá gbágùúdá. Ìyá mi fi okùn lé e lọ́wọ́.

Opó náà wo okùn, ó wo ẹran. "Màmá, kí lèyí?"

"Ẹlẹ́dẹ̀ ni."

"Mo rí i. Nítorí kí ni?"

"Èèpo iṣu tiwa ò tó wọn jẹ mọ́. Tìrẹ pọ̀."

Opó náà fi ọwọ́ nu orí ẹran náà, ẹran náà sì fi imú ti ọwọ́ rẹ̀, bí ẹni tó ń béèrè iṣu. Mo la ẹnu láti sọ nǹkan kan. Ìyá mi tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀.